Ẹ Bi Màmá Nọ́ọ̀sì: Ẹnu wo la fi ń kí ọlọ́fọ̀?

Láti ìgbà tí mo ti fẹnu ba ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ ní oṣù tó kọjá ni lẹ́tà ti ń rọ́ wọlé. Àwọn kan kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àwọn kan fi ohùn ránṣẹ́, ìyá kan tilẹ̀ dá mi dúró ní Ọjà Ọba pé kí n jọ̀ọ́, òun náà ní ìbéèrè. Mẹ́rin ni mo mú. Èyí àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù, torí irú ọ̀fọ̀ tó wà níbẹ̀ la máa ń bò mọ́lẹ̀ jù, inú yàrá ìgbẹ̀bí ni mo sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé mi kí n tó fẹ̀yìn tì.

MO GBỌ́MỌ PỌ̀N LỌ KÍ I

"Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí, Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo níbí, ni mò ń gbé. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ lóyún lásìkò kan náà. Èmi kọ́kọ́ bí, ọmọ mi sì wà láàyè, a dúpẹ́. Nígbà tó kan tirẹ̀, oyún ti pé, ọmọ jáde, kò sunkún. Lọ́jọ́ kẹta mo lọ kí i nílé, ọmọ mi wà lẹ́yìn mi. Mo sọ fún un pé omi ló dànù, agbè ò fọ́, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Kò dá mi lóhùn, ó kọjú sí ògiri. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló sìn mí jáde. Ó ti lé lóṣù kan báyìí, n kò padà lọ, kò pè mí, èmi náà kò pè é. Ojú ń tì mí. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé ó lè rò pé ńṣe ni mo wá fi ọmọ tèmi yangàn. Ṣé ọ̀rọ̀ tí mo sọ burú ni? Báwo ni mo ṣe máa padà débẹ̀?"

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ náà kò burú. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì àìmọye obìnrin, mo sì ti rí èyí tó gbé orí sókè nígbà tó gbọ́ ọ, torí ohun tí àgbà tó ń sọ ọ́ ń wí ni pé ìwọ fúnra rẹ kò bá a lọ, a ṣì rí ọ. Láyé ìgbà tí ọ̀pọ̀ abiyamọ kì í dìde lórí ìkúnlẹ̀, ọpẹ́ ńlá ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ó ní ẹnu tó yẹ kó ti jáde, ó sì nígbà tirẹ̀. Ìyá tó bí i, ìyá ọkọ rẹ̀, àgbàlagbà tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí, àwọn ló lè sọ ọ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n sì dákẹ́. Bí èrò bá ti sọ ọ́ tán láàárín ọjọ́ méjì, ohun tó máa ń kù sí etí ìyá ọmọ ni pé omi lásán ni ọmọ òun. Omi yẹn ló sì gbé kiri fóṣù mẹ́sàn-án. Ó mọ ìgbà tó máa ń tapá lóru. Ó ti ra fìlà kékeré fún un. Ìwọ sì jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ìwọ lẹ jọ ń fi ikùn wé ikùn. Lẹ́nu tìrẹ, ọ̀rọ̀ náà yí padà.

N kò gbà pé ó rò pé o wá yangàn. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí o lọ fún ọ, torí àwọn tó ń kí abiyamọ tó pàdánù ọmọ kì í sábà rò ó débẹ̀.

Ara obìnrin kò mọ̀ pé ọmọ ti lọ. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìbímọ, ọmọ ì báà wà, ọmọ ì báà má sí, omi ọyàn á dé. Ọyàn á le bí òkúta, á gbóná, á máa ro ìyá náà títí dé abíyá. Bó bá wá gbọ́ igbe ọmọ ọlọ́mọ, omi ọyàn náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í sun fúnra rẹ̀. Mo rí i ní wọ́ọ̀dù léraléra. Bẹ́ẹ̀dì kò pọ̀, wọ́n á gbé ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú sáàárín àwọn tí ọmọ wọn wà láàyè. Ọmọ kan á figbe ta lóru, ìyá tí kò ní ọmọ á dìde jókòó, iwájú bùbá rẹ̀ á ti rin gbingbin. Kò ní sunkún. Á kàn máa wo aṣọ náà. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí nọ́ọ̀sì lè sọ lásìkò yẹn. Aṣọ gbígbẹ la máa ń mú wá, a ó sì bá a wọ̀ ọ́.

Bóyá ohun tó ń bá yí lábẹ́ aṣọ nìyẹn lọ́jọ́ tí ó kọjú sí ògiri. Ògiri ló rí kọjú sí.

Nítorí náà, padà lọ. Má kọ lẹ́tà gígùn sí i. Má sì lọ máa bẹ̀bẹ̀ lórí ohun tí o sọ, torí bí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, òun ni yóò di ẹni tí ń tù ọ́ nínú. Á ní "kò sí nǹkan kan, kò sí nǹkan kan", iṣẹ́ lo sì gbé lé e lórí yẹn. Èyí ni mo rí nínú ọ̀fọ̀ káàkiri ìlú yìí, ó sì ń dùn mí: àwa tí a wá kíni la ń gbé iṣẹ́ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. A ó ní kó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Yóò sọ ọ́ fún àwọn ará ilé àdúrà, yóò sọ ọ́ fún alájọgbé, yóò tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n tó ti Ìwó dé lọ́sàn-án. A ó ní kó gbà pé Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe, a ó sì máa wo ojú rẹ̀ bóyá ó ti gbà. A ó jókòó títí wọ́n á fi wá ohun tí a ó jẹ. Ọmọ mi, nígbà tí o bá ń lọ, ohun kan ni kí o bi ara rẹ: kí ni mo lè gbé kúrò lórí rẹ̀?

Fi àtẹ̀jíṣẹ́ ṣáájú. Kọ ọ́ báyìí: "Mò ń bọ̀ lọ́sàn-án Sátidé, n kò ní pẹ́. Bí ara rẹ kò bá gbà á, má wulẹ̀ dá mi lóhùn, màá gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún màmá, màá sì máa lọ." Fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ lọ́jọ́ náà. N kò ní kí o máa fi pa mọ́ fún un títí. Òun fúnra rẹ̀ yóò bèèrè rẹ̀ lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá gbà á. Gbé ohun tí wọn kò ní dáná sí dání, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín eléwé, kó wà nínú abọ́ tí o kò ní bèèrè. Nígbà tí o bá jókòó, sọ pé, "Mo wá wò ọ́. Mò ń rántí ọmọ náà." Kí o dákẹ́. Bó bá sọ̀rọ̀, gbọ́. Bó bá sunkún, má sọ pé ó tó, má sọ pé ọmọ tó ń bọ̀ ń gbọ́. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Òwe náà kò ní ká má sunkún.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní àṣà Yorùbá kì í dárò ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ. Lóòótọ́, a kì í kó àtíbàbà síta fún un, a kì í pe onílù, bàbá ọmọ àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé e lọ sin, wọn kì í fi ojú oórì han ìyá. Ṣùgbọ́n Yorùbá kan náà ló gbẹ́ ère ìbejì. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á lọ bá agbẹ́gilére, ìyá á máa wẹ ère náà, á máa fi osùn pa á lára, á wọ̀ ọ́ láṣọ, á gbé e sùn. Ìran tó mọ èyí ṣe kò lè sọ pé ọmọ ọwọ́ tó kú kò tó dárò. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń bi ìyá ọmọ ní jẹ́jẹ́ kí wọ́n tó wé e tán: "Ṣé wàá fẹ́ rí i?" Àwọn kan kọ̀, n kì í tún un bèèrè. Àwọn kan gbà. Wọ́n á ka ìka ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á wo etí rẹ̀. Ọ̀kan kàn sọ pé, "Bàbá ẹ̀ ló jọ," ó sì gbé e fún mi. Ìyẹn pàdé mi ní Ìgbọ̀nà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti bí àwọn mìíràn, ohun tó kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé òun ṣì rántí etí ọmọ yẹn. Nítorí náà, bí o bá mọ orúkọ tí ọ̀rẹ́ rẹ ti ń pè é nínú oyún, tí òun fúnra rẹ̀ sì pè é níwájú rẹ, ìwọ náà lè pè é.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ gbọ́ létí abiyamọ rárá. "Ibo lo ti bí i?" "Ṣé o ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún ọ?" "Ó dà bíi pé àbíkú ni." Èyí tó kẹ́yìn yìí burú jù, torí ẹ̀bi ló dà lé ọmọ àti ìyá lórí nígbà kan náà.

Ó ti pẹ́ jù fún ti ọ̀rẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n fún ẹlòmíràn tó ń ka ìwé yìí, tí irú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀: ẹ má jẹ́ kó máa fún ọyàn náà gbẹ, torí bó bá ṣe ń fún un tó ni yóò ṣe máa sun tó. Kó wọ kọ́mú tó gbà á mọ́ra dáadáa, kó máa fi aṣọ tí a rì sínú omi tútù lé e, bó bá ro ó jù kó fún díẹ̀ kí ara lè tù ú. Bí ọyàn bá pọ́n, tí ibà àti òtútù bá mú un, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bákan náà ni bó bá jẹ́ pé kò lè sùn kódà nígbà tí ilé dákẹ́, tí oúnjẹ kò wù ú fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tó bá ń sọ pé òun fẹ́ lọ bá ọmọ òun. Ẹ má fi àdúrà nìkan sí i. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì gbé e lọ.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn. Nígbà tí ọmọ rẹ bá máa pé ọdún kan, ọ̀rẹ́ rẹ náà á máa ka tirẹ̀ nínú ara rẹ̀. Pè é ṣáájú ọjọ́ náà. Má pè é wá síbi àríyá. Sọ fún un pé o mọ̀.

ỌKÙNRIN NI Ọ́, GBÉ ỌKÀN LE

"Ẹ káàsán, Màmá. Réwáyà ni mí ní Kọ̀bọ̀ńgbogbòẹ̀. Ìyàwó mi kú lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ ọdún Ọ̀ṣun ni. Ìlú kún, gbogbo èèyàn ń ṣọdún, àwa ń sìnkú. Ọmọ méjì ló fi sílẹ̀ fún mi, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Àdúà ọjọ́ kẹjọ la ṣì ń ṣe tí wọ́n ti ń sọ fún mi pé ọkùnrin ni mí, kí n gbé ọkàn le, mo ṣì kéré, màá fẹ́ òmíràn. Bàbá kan tilẹ̀ ní òun ti rí ọmọbìnrin kan ní Ẹdẹ. Àwọn ọmọ mi wà níbẹ̀, wọ́n ń gbọ́. N kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni títí di òní. Abẹ́ mọ́tò nìkan ni omi ti máa ń bọ́ lójú mi. Ṣé èmi ni mi ò lágbára ni?"

O kú ọ̀fọ̀, ọmọ mi. O kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á forí jì í, á sì bá ọ tọ́ àwọn ọmọ náà.

Kò sí àìlágbára níbẹ̀ rárá. Nígbà tí Ibrahim ọmọ Ànábì Muhammad kú, Ànábì sunkún níwájú àwọn èèyàn rẹ̀, ó ní ojú ń domi, ọkàn ń bàjẹ́, a kò sì ní sọ ju ohun tí Olúwa wa fẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kejì, Jésù sunkún nítorí Lásárù tó kú, àwọn tó wà níbẹ̀ sì rí i. Nínú ìlú tí mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì ti ń gbọ́ ohùn ara wọn bíi tiwa yìí, kò sí ẹni tó lè ní ẹ̀sìn ló ní kí ọkùnrin má sunkún. Bó bá jẹ́ àṣà ni wọ́n ń wí, kí wọ́n lọ bi àwọn ọdẹ. Bí ọdẹ bá kú, ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń sun ìrèmọ̀jé, ìyẹn ewì arò àwọn ọdẹ, fún un níbi ìṣípà, ètùtù ìdágbére fún ọdẹ tó kú, ọkùnrin tó ń wọ igbó lóru, tó ń dojú kọ ẹranko, á sun ún títí ohùn rẹ̀ á fi há. Kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ.

Àwọn tó ní kí o fẹ́ òmíràn kò kórìíra rẹ. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ rẹ ló ń bà wọ́n, wọ́n sì ń wá ohun tí wọ́n á fi dí i. Bí wọ́n bá tún dé, ohun tí o lè wí ni pé, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ti àwọn ọmọ." Kí o sì sọ̀rọ̀ mọ́tò.

Ti àwọn ọmọ gan-an ló ká mi lára jù nínú lẹ́tà rẹ. O kò sọ ohun tí wọ́n sọ fún wọn. Mo bẹ̀ ọ́, bó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ní màmá wọn rìnrìn àjò, mú wọn jókòó kí o sọ òótọ́. Ọmọ tí wọ́n bá sọ fún pé ìyá rẹ̀ rìnrìn àjò yóò máa retí rẹ̀, nígbà tó bá yá yóò rò pé ohun tí òun ṣe ló lé e lọ. Sọ ọ́ kedere: màmá kú, kò ní padà wá, kì í ṣe ẹ̀bi yín, èmi wà níbí. Bí omi bá bọ́ lójú rẹ níbi tí o ti ń sọ ọ́, jẹ́ kó bọ́. Wọ́n á mọ̀ pé àwọn náà lè sunkún nínú ilé yẹn. Ẹ sì máa dárúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ ohun tó máa ń sè, sọ pé bó ṣe máa ń sè é nìyí.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú, ẹ gbọ́ èmi náà. Ta ló ń dirun fún ọmọbìnrin yẹn? Mo mọ bàbá kan tó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ bábà, ó ní kí wọ́n gé irun náà kanlẹ̀, torí kò mọ̀ ọ́n dì, kò sì mọ ẹni tó lè bẹ̀. Gbogbo obìnrin àdúgbò náà ló ti wá kí i. Gbogbo wọn ló ti sọ pé Ọlọ́run á tù ú nínú. Ẹ lọ mú ọmọ náà nírọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ bá a dirun, ẹ bá wọn fọ yunifọ́ọ̀mù, ẹ dá wọn padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má sì bi bàbá bóyá ó fẹ́. Á ní kò sí wàhálà. Ẹ kàn lọ.

Bí oṣù Ògọ́sì bá tún dé, tí wọ́n bá tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún ti ọdún Ọ̀ṣun, tí ìlù bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ara rẹ tún padà síbi tó wà lọ́dún tó kọjá. Má jẹ́ kó bá ọ lójijì. Ní ẹnìkan tí wàá lọ jókòó tì lọ́sẹ̀ yẹn. Mú àwọn ọmọ dání.

ỌKỌ RẸ̀ KÚ LÁÀÁRỌ̀, WỌ́N SIN ÍN LỌ́SÀN-ÁN

Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní Ògo-Olúwa ló kọ èyí. Oníṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n. Ọkọ obìnrin mùsùlùmí tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kú, wọ́n sì ti sin ín kí àwọn ará ọ́fíìsì tó gbọ́. Wọ́n ní ó wà nínú opó. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọkùnrin onígbàgbọ́ lè lọ kí i, ohun tí wọ́n lè sọ, àti bóyá àwọn ẹbí kò ní bínú pé wọn kò sí níbi ìsìnkú.

Ẹ̀gbọ́n, ẹnikẹ́ni kò ní bínú. Mùsùlùmí kì í fi òkú falẹ̀, wọn kò sì retí pé kí gbogbo ayé pé kí wọ́n tó sin ín. Inú ilé tí bàbá ti ń ké "Allāhu Akbar" tí ìyá ń kọ orin ìjọ ni wọ́n ti tọ́ mi, nítorí náà ẹ gbà mí gbọ́. Opó nínú ẹ̀sìn wọn jẹ́ oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, bó bá sì jẹ́ pé ó lóyún, ọjọ́ tó bá bímọ ló parí. Kò ní ṣe ọ̀ṣọ́, wọn kò gbọ́dọ̀ wá tọrọ rẹ̀ fún ìgbéyàwó, ilé rẹ̀ ni yóò máa sùn. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí àwọn èèyàn má kí i. Ẹ lọ ní mẹ́ta mẹ́rin, kí obìnrin wà láàárín yín, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ẹ jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹbí, ẹ má na ọwọ́ sí i. Ẹ ní: "Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á forí jì wọ́n, á fi Alujánnà kẹ́ wọn, á dá ẹ̀yin àti àwọn ọmọ sí." Ó tó. Kò pọn dandan kí ẹ fi ipá sọ Lárúbáwá. Ẹ sì rántí pé ọkùnrin tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló kú. "Ẹ kú ìnáwó" àti "ẹ kú àṣeyẹ" wà fún ẹni tó dàgbà, tó darúgbó, tí ọmọ sin. Ẹ má gbé e débẹ̀ yẹn.

Ẹ kó oúnjẹ tútù lọ, ìrẹsì, èlùbọ́, òróró. Nígbà tí Jafari, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Ànábì, kú lójú ogun Mútà lọ́dún 629, ohun tí Ànábì sọ fún àwọn tó kù ni pé kí wọ́n se oúnjẹ fún ará ilé Jafari, torí ohun tó dé bá wọn ti gba gbogbo ọkàn wọn. Àwọn aládùúgbò ló ní kó dáná. Lónìí, opó ló ń wá owó màlúù tí àlejò máa jẹ lọ́jọ́ kẹjọ. Ó yẹ ká ronú sí i.

Èyí tí ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba lè ṣe tí àwa yòókù kò mọ̀ ọ́n ṣe tó yín ni ti ìwé. Òfin ọdún 1992 ní kí á fi orúkọ gbogbo ẹni tó bá kú sílẹ̀, ọ́fíìsì Àjọ Ètò Ìkànìyàn ló sì ń fún ni ní ìwé ẹ̀rí ikú. Láìsí ìwé yẹn, báǹkì kò ní dá a lóhùn. Ọ̀pọ̀ opó sì rò pé bí ọkọ bá ti kọ orúkọ àwọn sí báǹkì gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sún mọ́ ọn jù, owó ti di tiwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga ló ń fún ni ní ìwé àṣẹ láti ṣàkóso ohun tí olóògbé fi sílẹ̀, ó sì lè gba àkókò. Ẹ bá a béèrè ohun tí wọ́n ń gbà, ẹ bá a gba fọ́ọ̀mù wá sílé, ẹ fi sí fáìlì kan, ẹ kọ ohun tó kù sára rẹ̀. Bí ọkọ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ bá a tọpasẹ̀ owó àjẹmọ́nú rẹ̀. N kò mọ ìbánikẹ́dùn tó ju ìyẹn lọ láàárín ẹni tó ń jọ ṣiṣẹ́.

FÓTÒ TI WÀ LÓRÍ FACEBOOK KÍ ÌYÁ RẸ̀ TÓ GBỌ́

Ọ̀dọ́bìnrin kan láti Alẹ́kúwodò ló bi mí pé ìgbà wo ló yẹ ká kọ ọ̀rọ̀ ìdárò sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kú sínú ìjàǹbá ọkọ̀, ẹnìkan sì gbé fótò rẹ̀ pẹ̀lú àbẹ́là síta kí àwọn àgbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyá wọn ní Ìkìrun. Ọmọ aládùúgbò ló fi han ìyá náà lórí fóònù.

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ohun tí wọ́n ṣe sí ìyá yín yẹn kò dáa, mi ò ní pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ. Ẹbí ló ń túfọ̀ òkú. Kí ẹbí tó túfọ̀, ẹnikẹ́ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e síta, bó ti wù kó fẹ́ràn olóògbé tó. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ọba bá wàjà, a kì í wí títí àwọn ìjòyè á fi wí, a sì ń bọ̀wọ̀ fún un. Ìyá tó bímọ tó ìyẹn náà. Àgbà méjì mẹ́ta ló yẹ kó lọ bá a, kó wà ní ìjókòó, kí ẹnìkan tó fẹ́ràn jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wà nítòsí bó bá ń lò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "Ṣé òótọ́ ni mo gbọ́?" sí i. Ẹ wá ẹlòmíràn bi. Kí èyí tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí i jẹ́ èyí tí kò ní béèrè ìdáhùn: "Mo gbọ́. Ó dùn mí gan-an. Má ṣòpò dá mi lóhùn. Màá wá lọ́jọ́ Àìkú, màá ra omi dání." Ìwọ ọmọ mi, bí o bá fẹ́ sọ fún ẹni tó gbé fótò náà síta pé kó yọ ọ́ kúrò, pè é lórí fóònù, má kọ ọ́ sábẹ́ fótò náà níbi tí gbogbo èèyàn á ti máa fèsì, torí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ náà ní fóònù.